Iyán Ìjẹ̀ṣà àti Omi Òṣogbo

Ẹ̀yin ará mi létí òkun, mo ti dé. Ẹ ti ń bi mí léèrè ìdí tí mo fi rù, àti ìdí tí mo fi ń dìde dúró bí ẹnikẹ́ni bá ti bẹ̀rẹ̀ sí gún nǹkan lódó. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, torí ẹni tó sọ fún yín pé fàájì ni mo bá lọ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò bá mi dé ibẹ̀.

Ojo ni mí, kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú yín. Ilé tí wọ́n bí mi sí ti wà nínú òkun báyìí. Èyí tí bàbá mi kọ́ tẹ̀ lé e náà ti bá a lọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ ìró omi tí n kò mọ ibi tó ti ń bọ̀, oorun ti dá lójú mi nìyẹn. Ìbẹ̀rù yìí náà ló tì mí dé ìdí iṣẹ́ tí mo ń ṣe.

Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn onímọ̀ fi ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá mì. Wọ́n ti wá rí i pé kì í ṣe ìmìtìtì ilẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Bí ìjì líle bá ń jà, ó ń gbọ́ ọ. Bí òjò ńlá bá rọ̀ sórí òkè tí omi sì ya lójijì, omi náà á máa yí òkúta, á máa fi igi gbá bèbè, ilẹ̀ á sì máa gbọ̀n lọ́nà tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Ẹ̀rọ yìí á gbọ́ ọ, á sì fi tó wa létí lórí fóònù kí omi tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Agbọ́lẹ̀ ni àwa ń pè é láàárín ara wa. Ọ̀gá mi, Ẹnjiníà Kúnlé, ọmọ Ìbàdàn tí ẹ̀rù kì í bà, ló ní kí á lọ dán an wò: kí á ri agbọ́lẹ̀ kan mọ́lẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà, níbi tí odò ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, kí á sì máa wò ó láti Òṣogbo, níbi tí omi náà ti ń wá bá àwọn ènìyàn.

Mo ní èrò náà dára púpọ̀. Mo ní kí wọ́n rán ẹlòmíràn. Èmi náà ni wọ́n rán.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

A wọ Òṣogbo ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín. Ọ̀gá gba yàrá kan lórí ilé alájà ní Alekuwodo, níbi tí ariwo àwọn oníṣòwò kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì gbé kọ̀ǹpútà wa síbẹ̀. Èmi ni wọ́n fi wọ̀ sọ́dọ̀ Àlàájà Mọ̀ríámọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí n lè máa mojú tó odò láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Aláró ni Àlàájà, ọmọ aláró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá. Ilé rẹ̀ kojú sí títì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sétí odò kékeré kan tó ń lọ bá Ọ̀ṣun, ìkòkò aró rẹ̀ sì tò síbẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, n kò lè gbẹ́sẹ̀ síwájú.

Ó ní, "Níbo ni wọ́n ní o ti wá?"

Mo ní, "Ìlàjẹ ni, mà."

"Orí omi lẹ̀ ń gbé, àbí? O wá ń wo odò mi bí ẹni tó rí ejò."

"Omi tiwa, a mọ ìwà rẹ̀, mà. Èyí tẹ́ ẹ ní yìí, n kò tíì bá a gbé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wọlé wá jẹun. Ẹ̀kọ àti wàrà díndín ló gbé síwájú mi. N kò jẹ wàrà rí. Mo rò pé ẹja ni, mo ń wá egungun rẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé àlejò kan wà nílé Àlàájà tó ń ṣa egungun nínú wàrà, "Ará Omi" ni wọ́n sì ń pè mí láti ìgbà náà. Èmi ẹni tó ń bẹ̀rù omi.

Ọkọ Àlàájà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Ràfíù, wà lórí ibùsùn nínú yàrá ẹ̀yìn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un, láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ kò ní agbára kankan mọ́. Ràfíù ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Nígbà tí mo wọlé lọ kí bàbá náà tí mo sì ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo bá wá, ó gbọ́ mi títí dé òpin, ó wá ní, "O ṣeun. Bí omi bá dé, bá mi sọ fún un pé kó má bínú, mi ò lè dìde kí i."

Mo rẹ́rìn-ín torí pé òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti rí ilà aláwọ̀ ẹrẹ̀ kan lára ògiri yàrá náà, ó ga ju ibùsùn bàbá lọ dáadáa, mo sì mọ ohun tó fà á. Ibi tí omi dé nígbà kan rí ni. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà, ó sì tún yọ. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò tí mo bá dùbúlẹ̀: bí omi bá dé, ta ni yóò gbé bàbá yìí, àsìkò á sì wà láti gbé e?

Lẹ́yìn Iléṣà

Ẹ̀yin tí ẹ kò rí òkè rí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: òkè kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ohun tó ń bọ̀. Nílé wa, bí ìjì bá máa jà, a ó ti rí i lókèèrè kí ó tó dé. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òkè wà lọ́tùn-ún, òkè wà lósì, igi kòkó sì bo ojú ọ̀nà débi pé ọ̀sán gangan dà bí ìrọ̀lẹ́. Mo di àga ọkọ̀ mú títí a fi dé.

Abúlé oníkòkó àti olóbì ni. Yèyé Olú ló gbà wá sílé, obìnrin tó ga, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ìjà kò ṣòro fún, tí inú rẹ̀ sì dára. Ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀ ni àpáta wà. Bí ẹ bá rìn sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ ti dé odò. Ọ̀gá wo ilẹ̀ yíká, ó ní ibòmíràn kò sí tó dára: irà ni apá kan, oko kòkó olókòkó ni apá kejì, àpáta yìí nìkan ló di ilẹ̀ mú dáadáa. A ri agbọ́lẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò lágbára, nítorí náà ẹ̀rọ wa kò lè fi gbogbo ohun tó gbọ́ ránṣẹ́. Bí ilẹ̀ ṣe mì tó nìkan ló ń fi ránṣẹ́, a ó sì rí i lórí fóònù bí ìlà kan: bí ilẹ̀ bá dákẹ́, ìlà á tẹ́jú, bí ilẹ̀ bá mì, ìlà á gòkè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, mo sì gbọ́ ọ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi kí n tó gbọ́ ọ létí. Ilẹ̀ ń mì. Gìdì, gìdì, gìdì. Mo dìde, mo ti mú bàtà mi lọ́wọ́, mo ń wo ọ̀nà tí màá gbà sá.

Yèyé Olú yọjú láti ilé ìdáná, òógùn bò ó, ọmọ odó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Níbo lò ń lọ? Uyán ni."

Gbogbo agboolé ló ń gún iyán. Ní ìrọ̀lẹ́, láti ilé dé ilé, odó kò ní dákẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Wọ́n gbé tèmi síwájú mi, ó funfun, ó rọ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó dì bò ó, ẹran ìgbẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Mo jẹ ìdajì, ikùn mi kún. Mo wá ṣe àṣìṣe kan, mo ní bóyá lọ́la kí wọ́n kàn fún mi ní gààrí.

"Gààrí? Lulé mi?" Yèyé Olú wò mí títí. "Ọmọ yìí, uyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là á jẹ̀kọ. Wọn ò tilẹ̀ ka gààrí tìẹ sí i."

Ìyá rẹ̀ arúgbó, tí kò ní eyín mọ́, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ń jẹ iyán tirẹ̀ lọ láìwo ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí iyán lé wa

A padà sí Òṣogbo. A so fèrè ìkìlọ̀ mọ́ òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí òkè ní ìtòsí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, a sì sọ fún àwọn aráàdúgbò pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, kí wọ́n sá wá sí ilé ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n má dúró kó ẹrù.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ṣú, ìlà gòkè lórí fóònù. Fèrè dún. Orí mi fò lọ. Mo sá wọ yàrá Bàbá Ràfíù, èmi, Àlàájà àti àwọn ọkùnrin méjì láti ilé kejì gbé e sórí pẹpẹ onígi, a gun òkè náà, èémí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Gbogbo àdúgbò dúró sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń wo odò. Odò náà ń ṣàn jẹ́jẹ́. A dúró títí, kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá pe Yèyé Olú lórí fóònù.

Yèyé Olú ní, "Omi bíi ti báwo? Àlejò ló dé bá wa láti Iléṣà, a gbé odó gbogbo jáde. Uyán la ń gún."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kò kéré. Ọkùnrin kan ní òun ti gbọ́ pé àwọn Ìjẹ̀ṣà fẹ́ràn iyán, òun kò mọ̀ pé wọ́n lè fi lé ènìyàn kúrò nílé. A tún ẹ̀rọ náà tò kí ó má máa tètè ké. Kò pẹ́ sígbà náà, fèrè tún dún ní ìrọ̀lẹ́, a tún sá. Lọ́tẹ̀ yìí ilẹ̀ ń yọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó gbé bàbá yọ̀ lórí ẹrẹ̀, Bàbá Ràfíù sì ṣubú láti orí pẹpẹ. Ó fi èjìká lélẹ̀. Ó kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Nígbà tí a pe Yèyé Olú, iyán náà ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti di èjìká ọkọ rẹ̀, Àlàájà wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Kò pariwo. Ó ní, "Ará Omi, mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e sáré mọ́. Bí omi bá dé, kó bá wa nílé. Ohun tí Ọlọ́run bá kọ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí bà mí lẹ́rù ju fèrè lọ. Ọ̀gá wá ṣe òfin tuntun: bí ìlà bá gòkè ní ìrọ̀lẹ́, kí á má fọn fèrè, kí á kọ́kọ́ pe Yèyé Olú. Bí ó bá ní iyán ni, ó parí. Mo bi í pé bí omi bá wá dé ní àsìkò iyán ńkọ́? Ó ní mo ti fẹ́ràn àtimáa bẹ̀rù jù. Òótọ́ ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, òun ló ń mú kí n wà láàyè.

Odó dojú dé

Nígbà tí mo tún lọ sí abúlé láti yẹ agbọ́lẹ̀ wò, mo mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Abúlé náà dákẹ́. Àwọn odó wà níta lẹ́yìnkùlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n dojú wọn dé ilẹ̀, ọmọ odó sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìyá Yèyé Olú ló kú. Òun ni obìnrin tó dàgbà jù lábúlé náà, àṣà wọn sì ni pé bí irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gún odó lábúlé títí di ọjọ́ keje. Mo kúnlẹ̀ kí Yèyé Olú. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó dì mí mú, ó wá ní kí wọ́n bá mi wá oúnjẹ. Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe, ó sì ń rò ó bóyá àlejò rẹ̀ ti jẹun. Iṣu sísun àti epo ni wọ́n gbé wá.

Yèyé Olú ní, "O rí i? Ọ̀sẹ̀ yìí, ara tù ọ́. Kò sí uyán."

Mo sunkún níbẹ̀, n kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ìdákẹ́ náà ló pọ̀ jù fún mi. Òjò ti ń rọ̀ lójoojúmọ́ lórí òkè, ilẹ̀ ti mu omi yó, àwọn àgbẹ̀ sì ń sọ pé odò ti wú ju bó ṣe máa ń wú lọ. Ọjọ́ kejì mo padà sí Òṣogbo.

Ìrọ̀lẹ́

Mo wà pẹ̀lú ọ̀gá ní yàrá wa ní Alekuwodo nígbà tí ojú ọ̀run dúdú ní apá Iléṣà. Ààrá ń sán lókèèrè. Àwọn oníṣòwò ìsàlẹ̀ ti ń kó ọjà wọn wọlé. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí gòkè.

Ọ̀gá wo aago. Ó ní, "Iyán ni."

Ó pe Yèyé Olú. Fóònù kò wọlé. Ó tún pè, kò wọlé. Ìjì ti da nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ wọn rú, ìlà agbọ́lẹ̀ nìkan ló ṣì ń já wọlé. Ó ní, "Ìrọ̀lẹ́ ni, iyán ni. Jókòó."

N kò lè jókòó. Mo ní, "Ọ̀gá, wọn kò gún iyán. Ìyá kú lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti dojú odó dé."

"Ṣé wọn ò ní ti ṣí i ni?"

"Ọjọ́ keje kò tíì pé, sà."

Ọ̀gá wò mí, ó wo ìlà, mo sì rí ẹ̀rù lójú ọkùnrin náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Bí a bá fọn ọ́n lásán lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tí yóò tún sá láéláé." Bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìlà náà ga débi tí n kò rí i kó dé rí, ó wá gé lójijì. Agbọ́lẹ̀ kò sọ nǹkan kan mọ́. Omi ti gbé e.

Ọ̀gá fọn fèrè. Èmi ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀, mo bọ́ sórí ọ̀kadà, òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ nílùú. Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, fèrè ń ké lórí òkè, àwọn ènìyàn sì jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní kí wọ́n bá òun bu iyán tòun pẹ̀lú ẹran. Mo ń pariwo, ohùn mi kò jáde dáadáa, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Àlàájà wà lábẹ́ àtíbàbà, ó ń bo àwọn ìkòkò aró rẹ̀ kí òjò má bàa bà wọ́n jẹ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo ti sọ tèmi. Jẹ́ kí wọ́n jẹ iyán wọn."

Mo ní, "Àlàájà, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n. Ìyá Yèyé Olú kú. Wọn ò tíì ṣe ọjọ́ keje."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọmọrí ìkòkò.

"Ìyá wo?"

"Àgbà abúlé náà, mà. Odó wọn wà ní dídojúdé. Mo fi ojú ara mi rí i."

Ó nàró. Kò bi mí nípa ẹ̀rọ, kò bi mí nípa ìlà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sójú títì, ó sì ké sí àwọn aráàdúgbò rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí n kò mọ̀ pé ó ní: "Òkú ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn Ìjẹ̀ṣà. Wọn ò gún odó. Kì í ṣe iyán. Ẹ dìde."

Ẹ̀rín tán lójú títì náà. Kò sí ẹni tó ní láti tún ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, torí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ọ̀fọ̀ ń dá dúró. Àwọn ọkùnrin já ilẹ̀kùn yàrá Bàbá Ràfíù kúrò lára férémù, wọ́n tẹ́ bàbá sórí rẹ̀, wọ́n sì gbé e gun òkè lọ. Bàbá di ọwọ́ mi mú, ó ń ka kálímọ́tù ṣàhádà. Lọ́tẹ̀ yìí kò dápàárá kankan.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni a gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ará mi, òkun wa a máa wá, a sì máa padà. Àyè máa ń wà láti mí. Èyí kò padà. Ó ń bọ̀ ṣáá, ó pọ́n, ó gbé igi odindi, ó gbé òrùlé, ó gba ẹ̀yìnkùlé Àlàájà wọlé, ó sì gba iwájú jáde. Obìnrin kan fi aṣọ rẹ̀ bò mí. Àlàájà ń ka orí àwọn aráàdúgbò rẹ̀, ó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ilé dé ilé. Gbogbo wọn dáhùn.

Ìbéèrè Àlàájà

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àwọn kan ti ń dúpẹ́ tí àwọn kan ń sunkún ẹrù wọn, Àlàájà wá jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Mo rò pé aró rẹ̀ tó bómi lọ ló ń rò.

Ó ní, "Ká ní ìyá yẹn ò kú ńkọ́?"

Mo ń ha ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà mi.

"Ká ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló kú, tí wọ́n ti ṣe ọjọ́ keje tán? Ṣé ikú ìyá oníyàá ni a ó máa dúró dè lórí òkè kí a tó mọ̀ pé omi ń bọ̀?"

Mo ní, "A máa rí ẹ̀rọ tó dára jù èyí, mà."

"Nígbà wo?"

Mo ní, "Ọ̀gá gan-an kò tíì mọ̀, mà."

Ó ní, "Ó dáa. Mú mi lọ síbẹ̀. Mo fẹ́ lọ kí wọn kú ọ̀fọ̀."

Nígbà tí ọjọ́ keje kọjá, a lọ, èmi, òun àti obìnrin méjì láti àdúgbò rẹ̀. Agbọ́lẹ̀ tuntun wà lẹ́sẹ̀ mi nínú ọkọ̀. Odò abúlé náà ti fa bèbè rẹ̀ ya, omi ti dé ìdí àpáta, ṣùgbọ́n ilé wọn wà lókè, kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àlàájà Mọ̀ríámọ̀ kò dé abúlé Ìjẹ̀ṣà rí. Ó kúnlẹ̀ níwájú Yèyé Olú tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ó ní, "Ìyá yín ló gbà wá là. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Yèyé Olú fa á dìde, àwọn méjèèjì sì dúró, wọ́n di ara wọn mú. Wọ́n gún iyán fún wa, torí ọ̀fọ̀ ti parí. Àlàájà jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó bá wá gan-an fún àwọn obìnrin abúlé: pé bí òjò bá ṣú lórí òkè, kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n má gún odó.

Obìnrin kan ní, "Ìgbà òjò rèé. Kò sí ọjọ́ tójò kì í ṣú."

"Mo mọ̀," ni Àlàájà wí.

"Àwọn ọkọ wa tó ti oko bọ̀, kí ni wọn ó jẹ?"

Àlàájà ní, "Mi ò mọ̀. Mi ò ní nǹkan tí màá fi dí i fún yín. Ọkọ tèmi ò lè rìn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀."

Yèyé Olú kó àwo tí a fi jẹun jọ. Ó wá ní, "A ti gbọ́." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé àgbà, ẹni tó ní òun ti gbọ́ kò tíì ní òun gbà. Mo ri agbọ́lẹ̀ tuntun sórí àpáta, a sì dágbére. A padà sí Òṣogbo.

Ilé tí Àlàájà àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ń rùn fún ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ibòmíràn kò sí, wọ́n ti padà síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti kó ẹrù mi láti máa bọ̀ wálé, ojú ọ̀run tún dúdú lápá Iléṣà. Àsìkò odó ni. Mo gbé fóònù síwájú wa. Bí ìlà bá gòkè, n kò ní mọ̀ bóyá omi ni tàbí odó. Àlàájà ti gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀, èmi, òun àti ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. A ń wo ìlà náà.

Ó tẹ́jú. Ààrá sán, ó mì díẹ̀, ó tún tẹ́jú. Àsìkò odó ń kọjá lọ, ó tẹ́jú síbẹ̀.

Bàbá Ràfíù ní, "Ṣé kò bàjẹ́?"

Mo ní, "Kò bàjẹ́, bàbá. Wọn ò gún un ni. Oúnjẹ wọn ni wọ́n fi sílẹ̀ nítorí wa."

Àlàájà na ọwọ́ dúdú rẹ̀, ó dé ọmọrí mọ́ àwo oúnjẹ rẹ̀, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì jẹun títí òjò orí òkè fi dá.